Ìbéèrè Tó Dá Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde Harvard Dúró: Kí Ló Ń Fa Ìgbà Ooru àti Ìgbà Òtútù?

Ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Yunifásítì Harvard ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọ aṣọ oyè, àwọn òbí á péjọ, àwọn olùkọ́ á máa kí wọn kú oríire. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kan, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn kan gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wọ àárín èrò. Wọ́n ń bi àwọn tí wọ́n bá pàdé ní ìbéèrè tí ó dà bí èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò dáhùn lójú oorun: kí ló dé tí ooru fi ń mú ní apá kan ọdún, tí òtútù sì ń mú ní apá kejì?

Àwọn tí wọ́n bi kò lọ́ra. Pẹ̀lú ìdánilójú ni wọ́n fi dáhùn pé ayé a máa súnmọ́ oòrùn ní ìgbà ooru, a sì máa jìnnà sí i ní ìgbà òtútù. Àlàyé náà dán, ó mọ́gbọ́n dání létí, ẹni tí ó bá sì ti yáná rí yóò gbà á láìjanpata. Ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Fíìmù tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1987 ni A Private Universe. Matthew Schneps àti Philip Sadler, àwọn onímọ̀ ní Harvard-Smithsonian Center for Astrophysics, ni ó wà nídìí rẹ̀. Nínú àwọn ènìyàn 23 tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde àti àwọn olùkọ́, 21 ni àlàyé wọn kù díẹ̀ káàtó, yálà ohun tí ń fa ìgbà ni wọ́n bi wọ́n ni o, tàbí ohun tí ń mú òṣùpá pa ìrísí rẹ̀ dà. Láti ọdún náà ni fíìmù yìí ti di ohun tí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ń wò káàkiri, nítorí ó fi àléébù kan hàn tí ìwé ẹ̀rí kò lè bò mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí gọ̀. Wọ́n ti ka ìwé, wọ́n ti yege ìdánwò lóríṣiríṣi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni èyí tí àwọn àgbà Yorùbá fi ń sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Wọ́n ti gbọ́ nípa oòrùn, wọn kò wò ó rí. Ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe mọ ohun tí ń fa ìgbà sì kún fún àwọn tí wọ́n wò ó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ju igi kan àti òjìji rẹ̀ lọ.

Ìsúnmọ́ kọ́ ni

Òótọ́ ni pé ayé kì í wà ní ìwọ̀n kan náà sí oòrùn jálẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ni ó máa ń súnmọ́ oòrùn jù lọ, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 147. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, oṣù Agẹmọ, ni ó máa ń jìnnà jù, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 152. Oṣù kìn-ín-ní yìí gan-an ni òtútù ń mú ní Cambridge, ìlú tí Harvard wà. Oṣù keje tí ayé jìnnà jù ni àwọn ará ibẹ̀ ń làágùn.

Ọmọ Yorùbá kò tilẹ̀ ní láti lọ sí Amẹ́ríkà kí ó tó fura sí àlàyé ìsúnmọ́. Nígbà tí ayé súnmọ́ oòrùn jù lọ nínú ọdún ni ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí, tí ètè ń là, tí àwọn àgbàlagbà ń yáná ní ìdájí. Ọyẹ́ ní ohun tirẹ̀ tí ó ń fà á, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìsúnmọ́ nìkan ló ń pàṣẹ ooru, oṣù Ṣẹ́rẹ́ kì bá tí ní ìdájí tútù.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, ní Rio Vermelho ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn olùfọkànsìn Yemọja, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Iemanjá, máa ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ sínú òkun. Ìgbà ooru ni ọjọ́ náà bọ́ sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Peckham ní London ń wọ kóòtù lé súẹ́tà. Ọjọ́ kan náà ni, oòrùn kan náà ni, ibi tí ayé sì wà sí oòrùn lọ́jọ́ náà kò yàtọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ìsúnmọ́ bá ń mú ooru wá, àwọn méjèèjì ni ooru ìbá mú papọ̀. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé ẹnì kan wà ní gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, ẹnì kejì sì wà ní àríwá rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n wo òjìji

Ohun èlò àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí kò lówó lórí rárá. Igi tí ó nàró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni. Ẹni tí ó bá sàmì sí orí òjìji igi náà ní ọ̀sán gangan, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù dé oṣù, yóò rí i pé òjìji náà ń gùn, ó ń kúrú, ó sì ń padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Kì í ṣe ìmọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo ni èyí. Àwọn ará Bábílónì mọ̀ ọ́n, àwọn ará Gíríìsì lò ó, àwọn ará Ṣáínà sì fi ṣètò kàlẹ́ńdà wọn.

Orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn òjìji ni ti Eratosthenes, tí wọ́n bí ní Cyrene, ní ilẹ̀ Líbíyà òde òní, ní nǹkan bí ọdún 276 kí wọ́n tó bí Jésù. Òun ni ó ń bójú tó ilé ìkówèésí ńlá tí ó wà ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ó gbọ́ pé ní Syene, ìlú tí à ń pè ní Aswan lónìí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa dé ìsàlẹ̀ kànga ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó gùn jù lọ nínú ọdún. Ní Alẹkisáńdíríà lọ́jọ́ kan náà, òjìji kò parẹ́. Ó fi hàn pé oòrùn yà kúrò ní àtàrí ní ìwọ̀n ìdá kan nínú àádọ́ta òbíríkítí. Níwọ̀n bí wọ́n ti ka ọ̀nà tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì sí 5,000 stadia, ó ṣírò rẹ̀ pé gbogbo àyíká ayé jẹ́ 250,000 stadia.

Títóbi ayé ni àwọn ènìyàn fi ń rántí Eratosthenes, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Oòrùn kan náà, ní ọ̀sán kan náà, kì í ba ìlú méjì bákan náà. Ó lè wà ní àtàrí ẹnì kan, kí ó sì dagun sí ẹlòmíràn. Inú ìdagun yìí ni ìdáhùn ìbéèrè Harvard fara pamọ́ sí.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Hipparchus, ọmọ Gíríìsì, ka iye ọjọ́ tí ó wà nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ìgbà ìrúwé gba ọjọ́ 94 àti ààbọ̀, ìgbà ooru sì gba 92 àti ààbọ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ọjọ́ 187, nígbà tí ìdajì ọdún tí ó kù, ti ìwọ́wé àti ti òtútù, kò ju nǹkan bíi 178 lọ. Kí ló dé tí oòrùn fi ń lọ́ra ní ìdajì kan, tí ó sì ń yára ní ìkejì? Hipparchus ní àlàyé tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ ìgbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà náà ń dúró de ẹlòmíràn.

Ẹni náà ni Johannes Kepler ti ilẹ̀ Jámánì. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1609, ó fi hàn pé ọ̀nà tí Máàsì ń tọ̀ yí oòrùn ká kì í ṣe òbíríkítí gidi, ó rí bí ẹyin díẹ̀. Ó sì fi hàn pé bí ìràwọ̀ arìnrìn-àjò bá súnmọ́ oòrùn, a máa yára, bí ó bá jìnnà, a máa fa ẹsẹ̀. Òfin yìí kan ayé náà. Nígbà náà ni kíka Hipparchus wá ní ìtumọ̀. Ìdajì ọdún tí ó gbé ìgbà ooru àríwá dání gùn nítorí pé ayé ń rìn jẹ́jẹ́, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí pé ó jìnnà sí oòrùn. Ohun tí ọkùnrin kan kà ní ọ̀rúndún kejì kí wọ́n tó bí Jésù ti to láti já àlàyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde 1987 ní koro.

Láàárín àwọn méjèèjì, àwọn ará Ṣáínà kò sùn. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Guo Shoujing kọ́ ilé ìṣọ́ gíga kan sí Gaocheng, ní agbègbè Henan, láti fi wọn òjìji ọ̀sán. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Kàlẹ́ńdà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ka ọdún sí ọjọ́ 365.2425, iye kan náà tí kàlẹ́ńdà Póòpù Gregory tí gbogbo ayé ń lò báyìí dúró lé lórí. Ọdún 1582 ni ti Póòpù dé, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ti Guo.

Ohun tí òjìji ń sọ

Gbogbo àwọn òjìji wọ̀nyí ń tọ́ka sí ohun kan. Ayé kò nàró ṣánṣán bí ó ṣe ń yí oòrùn ká. Ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 23.4, ibi kan náà ni ó sì ń dà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Nítorí náà, ní oṣù kẹfà, apá àríwá ayé ni ó dà síhà ọ̀dọ̀ oòrùn. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kejìlá, tí ayé ti dé òdì-kejì oòrùn, apá gúúsù ni ó kàn.

Ohun méjì ni èyí ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé ó ń yí ìdagun ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀ láti òkè tààrà yóò rí ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ó mú dáadáa. Bí ó bá dagun tọ́ọ̀ṣì náà, ìmọ́lẹ̀ á fẹ̀, á sì ṣá. Tọ́ọ̀ṣì kò yí padà, ilẹ̀ tí ó ń pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Ìkejì ni pé ó ń fa ojúmọmọ gùn tàbí kí ó gé e kúrú.

Bí ó ṣe rí ní London yóò mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Ní ìdajì òpin oṣù kẹfà, igi mítà kan tí ó nàró níbẹ̀ máa ń ní òjìji sẹ̀ǹtímítà 53 péré ní ọ̀sán gangan, ojúmọmọ sì máa ń ju wákàtí 16 àti ààbọ̀ lọ. Ní ìdajì òpin oṣù kejìlá, òjìji igi kan náà á gùn tó mítà 3.7. Ojúmọmọ kò sì ní pé wákàtí mẹ́jọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ìbá bo mítà kan níbùú lóròó bí oòrùn bá wà ní àtàrí ti di ohun tí ilẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ń pín jẹ. Oòrùn tí kò lágbára, tí kò sì pẹ́, báwo ni òtútù kò ṣe ní mú?

Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Fíìmù 1987 náà kò dúró lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ oyè nìkan. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan nítòsí, ó sì bá ọmọbìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ó ya ọ̀nà tí ayé ń tọ̀, ó ya ohun tí ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Lẹ́yìn tí olùkọ́ ti kọ́ kíláàsì náà, ọmọ náà tún púpọ̀ nínú èrò rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú èyí tí ó ti gbìn sínú tẹ́lẹ̀ kò kúrò. Ìyẹn ni ohun tí fíìmù náà fẹ́ kí àwọn olùkọ́ rí: orí ọmọ kì í ṣe igbá òfìfo tí a kàn ń da ọ̀rọ̀ sí. Ọmọ ti ní àlàyé tirẹ̀ kí ó tó wọ kíláàsì, àlàyé náà kò sì ní fi àyè sílẹ̀ fún òmíràn àfi bí ọmọ bá fúnra rẹ̀ rí ohun tí ó tako ó.

Ọ̀kan lára àwọn ètò tí ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irú àfojúrí bẹ́ẹ̀ ni Mystery Class, lábẹ́ Journey North, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990. Ìlú mẹ́wàá káàkiri ayé ni wọ́n máa ń fi orúkọ wọn pamọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gba aago tí oòrùn yọ àti aago tí ó wọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣírò gígùn ojúmọmọ, wọ́n á sì yà á sórí gíráàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìlú tiwọn.

Àwọn ìlà orí gíráàfù náà ni ó ń kọ́ wọn. Ìlà kan á máa gòkè kíákíá: ìlú náà jìnnà sí àríwá. Òmíràn á máa sọ̀kalẹ̀: gúúsù ni ó wà. Òmíràn á tẹ́ bí ilẹ̀ pápá: kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ní ìparí oṣù kẹta, gbogbo ìlà á pàdé lójú kan, nítosí wákàtí 12, kí wọ́n tó tún pínyà. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà wọ̀nyí kò lè sọ mọ́ pé ìsúnmọ́ ni, nítorí ó ti rí i pé nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, ojúmọmọ ìlú kan ń gùn bí ti èkejì ṣe ń kúrú.

Igi kan ní Èkó

Ìlà Èkó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó tẹ́. Ojúmọmọ tí ó gùn jù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 30, èyí tí ó kúrú jù sì jẹ́ wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ti ń pín ọdún láàárín ara wọn. Ó kàn án. Bí oòrùn ṣe ń lọ sí àríwá tí ó sì ń padà sí gúúsù ni ìgbànú òjò ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, tí atẹ́gùn ọlọ́rinrin láti Òkun Àtìláńtíìkì ń wọlé. Bí oòrùn bá ti kọjá sí gúúsù, atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á gba ipò, ọyẹ́ á sì dé. Òjò lè pẹ́, ó lè yá, àwọn àgbẹ̀ mọ èyí dáadáa. Oòrùn kì í yẹ àdéhùn tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó dúró ṣinṣin nínú ìgbà ni ó lè mọ ohun tí ń yí padà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè fi ìròyìn ojú ọjọ́ tàn jẹ.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní yàrá ìwádìí kankan lè ṣe iṣẹ́ yìí nínú ọgbà rẹ̀. Igi mítà kan tí ó nàró dáadáa ni, pẹ̀lú ẹfun, téèpù ìwọnṣọ àti sùúrù. Nítorí pé aago Nàìjíríà ṣáájú oòrùn Èkó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 46, ọ̀sán gangan níbẹ̀ kì í ṣe aago 12. Kí àwọn ọmọ máa sàmì sí orí òjìji láti aago 12 àbọ̀ sí aago kan kọjá díẹ̀, èyí tí ó kúrú jù ni ti ọ̀sán gangan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin àti ti oṣù kẹsàn-án, òjìji náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sábẹ́ igi. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, gúúsù ni yóò sì kọjú sí. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, yóò tó 57, yóò sì kọjú sí àríwá. Àgbàlagbà mélòó ní Èkó ni ó ti kíyè sí i rí pé òjìji ọ̀sán máa ń yí ojú padà nínú ọdún?

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn jù ṣì kù. Bí wọ́n bá ya àwọn òjìji náà sínú ìwé kí wọ́n sì fi protractor wọn ìdagun wọn, ti oṣù kẹfà yóò jẹ́ nǹkan bíi dígírì 17, ti oṣù kejìlá nǹkan bíi 30. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 47. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 23 àti ààbọ̀, ìwọ̀n tí ayé fi dà sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá sì yọ èyí tí ó kéré kúrò nínú èyí tí ó tóbi, tí wọ́n pín in sí méjì, yóò ku 6 àti ààbọ̀, iye dígírì tí Èkó fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ọmọ tí ó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí ní London yóò rí dígírì 28 ní oṣù kẹfà àti 75 ní oṣù kejìlá. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni òjìji tirẹ̀ ń kọjú sí, yóò yọ ọ̀kan nínú èkejì, 47 kan náà ni yóò sì bá. Ìgbà wọn kò jọra, ojúmọmọ wọn kò dọ́gba, síbẹ̀ òjìji méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ kan náà nípa ayé kan náà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn àgbà Harvard ní ìwé, wọn kò ní òjìji. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Agége tàbí Ìkòròdú tí ó bá fi ọdún kan ṣọ́ igi kan lè dáhùn ohun tí wọn kò lè dáhùn. Oòrùn kò gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí olùkọ́ ri igi mọ́lẹ̀ ni ó kù.